Ṣé kí n gbé àga ọmọ wọ bàálù, àbí kí n gbé ọmọ lẹ́sẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Houston ni mo ń gbé. Nínú oṣù Kejìlá, mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dọ̀ àwọn òbí ọkọ mi. Atlanta la ó ti wọ bàálù tó ń lọ sí Èkó tààrà. Ọkọ mi kò tíì rí àyè gbà níbi iṣẹ́, ó di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn wa kó tó dé, nítorí náà èmi nìkan ni màá kó wọn lọ. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ oṣù 14, ó wọn pọ́ùn 22. Àdùkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti pé ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ó wọn pọ́ùn 34, ó ga ní ínǹsì 38. Wọ́n ní kò pọn dandan kí n ra ìjókòó fún àbúrò, pé mo lè gbé e lẹ́sẹ̀. Ìyá ọkọ mi náà ní ṣe ni mo fẹ́ fi owó ṣòfò, pé ọmọ mẹ́fà lòun gbé lẹ́sẹ̀ rìnrìn àjò, kò sì sí èyí tó já bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo nílò àga ọmọ, irú èyí tí a fi ń de ọmọ nínú ọkọ̀, nínú bàálù lóòótọ́? Tí mo bá sì gbé e dé Nàìjíríà, kí ni màá fi ṣe níbẹ̀? Èmi ni, Ìyá Àdùkẹ́.

Ìdáhùn: Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ ra ìjókòó fún àbúrò, kí ẹ sì gbé àga rẹ̀ wọ inú bàálù. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni, pàápàá nínú oṣù Kejìlá tí tíkẹ́ẹ̀tì Èkó máa ń gbówó lórí. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú bàálù kí n tó sọ̀ kalẹ̀ wá máa kọ́ àwọn òbí bí a ṣe ń de ọmọ mọ́ àga nínú ọkọ̀. Ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ méjèèjì ni kò jẹ́ kí n lè sọ ohun mìíràn fún yín.

Àwọn tó sọ pé ẹ lè gbé e lẹ́sẹ̀ kò parọ́. Òfin Amẹ́ríkà gbà pé kí òbí gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́sẹ̀. Àmọ́ àjọ FAA, tó ń ṣe àkóso ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, tó sì fọwọ́ sí òfin náà, ni ó tún ń rọ àwọn òbí gidigidi pé kí wọ́n de ọmọ mọ́ àga tirẹ̀, pé ọwọ́ òbí kò lè di ọmọ mú tí bàálù bá ṣàdédé jà, tó ń mì jìgìjìgì. Kí ló dé tí wọn kò wá sọ ọ́ di dandan? Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìjàǹbá, ìyẹn àjọ NTSB, ti bẹ̀ wọ́n títí. Ní ọdún 2005, FAA ní àwọn kò ní ṣe é, nítorí pé bí ìdílé bá ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ yóò fi bàálù sílẹ̀, wọ́n á máa wa mọ́tò lọ síbi tí wọ́n ń lọ, ojú títì sì ń pa èèyàn ju òfuurufú lọ fíìfíì.

Ìṣirò yẹn mọ́gbọ́n dání fún ẹni tó ń ti Houston lọ sí Dallas. Kò kàn yín rárá. Kò sí ẹni tó ń wa mọ́tò kọjá òkun Àtìláńtíìkì. Bí ẹ bá ra ìjókòó, inú bàálù lẹ ó wà. Bí ẹ kò bá rà á, inú bàálù náà lẹ ó wà. Ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n fi yọ̀ǹda ọmọ ẹsẹ̀ kò sí nínú ìrìn àjò tiyín.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé pọ́ùn 22 yẹn yẹ̀ wò. Kílò 10 ni. Àwọn ìjókòó bàálù òde òní, ohun tí wọ́n fi ń dán wọn wò ni ìdúró òjijì tó ń sọ ìwọ̀n nǹkan di ìlọ́po 16. Ìjókòó tí ẹ ó jókòó lé, wọ́n ti ṣe é kó má tú lábẹ́ ìyẹn. Bẹ́líìtì tó dè yín náà kò ní já. Ọmọ yín ńkọ́? Lójú ẹsẹ̀ yẹn, kílò 10 ti di 160. Ó ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ. Kì í ṣe pé ìyá kò fẹ́ràn ọmọ, kì í sì í ṣe pé apá rẹ̀ kò lágbára. Kò sí alágbàṣe kankan ní ilẹ̀ Yorùbá tó lè na apá di àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta mú nígbà tí ẹnì kan bá ń jù wọ́n.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ìtàn kan wà tí wọn kì í jẹ́ ká tó parí ẹ̀kọ́ láìsọ fún wa. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1989, bàálù United 232 gbéra ní Denver, ó ń lọ sí Chicago. Ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí rẹ̀ fọ́ lójú òfuurufú, àfọ́kù irin sì gé gbogbo ohun tí awakọ̀ fi ń darí rẹ̀. Èèyàn 296 ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin wà lórí ẹsẹ̀ òbí. Ohun tí ìwé iṣẹ́ wí nígbà náà ni pé kí òbí fi ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì yí ọmọ ká, kó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Jan Brown, olórí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù náà, sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bàálù já lulẹ̀ ní Sioux City, ó ṣẹ́, iná sọ. Èèyàn 112 ló kú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà sì wà lára wọn. Bí Brown ṣe bọ́ síta, ìyá ọmọ yẹn ló pàdé, tó ń sáré padà sínú èéfín. Ó dá a dúró. Ìyá náà ní: ìwọ lo ní kí n gbé ọmọ mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni Brown ti ń rìn kiri lọ bá àwọn aṣòfin pé kí gbogbo ọmọ ní ìjókòó tirẹ̀. Títí di òní, òfin kò tíì yí.

Ẹ lè ní ìyẹn ti pẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2024, pátákó tí wọ́n fi dí ojú ilẹ̀kùn kan já dànù lára bàálù Alaska Airlines, kò pẹ́ tó gbéra ní Portland. Afẹ́fẹ́ fa nǹkan jáde láti inú. Ọmọ mẹ́ta ló wà lórí ẹsẹ̀ òbí nínú bàálù náà. Kò sẹ́ni tó kú, nítorí pé Ọlọ́run ṣe é, ìjókòó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà ṣófo.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ìjàǹbá tó dé inú ìròyìn. Òru ni. Láti Atlanta dé Èkó, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí 12 lókè, kò sì sí ìyá tó lè là ojú fún wákàtí 12. Ní òru ọjọ́ kan lórí òkun, mo gbé kọfí dání, mo ń lọ sẹ́yìn. Abiyamọ kan ti sùn lọ, ọmọ rẹ̀ dojú bolẹ̀ sáyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó fi gbá a mú ti dẹ̀ wá sílẹ̀. Bàálù já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tó kí èèyàn ka ení, èjì. Kọfí mi lọ bá àjà. Nígbà tí mo fi máa dìde lórí eékún mi, ọmọ náà ti wà lórí ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tó jókòó lódìkejì ọ̀nà, ọkùnrin náà gbá a mọ́ra, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ètè ọmọ bẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ṣì nawọ́ síta bí ẹni tó gbé nǹkan dání. Ó lé ní ọdún 15 báyìí, ọwọ́ yẹn kò kúrò lójú mi.

Kí n má sì gbàgbé: ẹ má pọ̀n ọ́n nígbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀. Mo rí i léraléra lórí ọkọ̀ Èkó. Ìyá á pọ̀n ọmọ, á jókòó, á fi bẹ́líìtì de ara rẹ̀, ọmọ á wá há sáàárín ìyá àti ìjókòó. Ẹ̀yìn ìyá ni yóò pa á lára. Nígbà tí wọ́n bá ti pa iná bẹ́líìtì, ẹ fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, kí ẹ rìn lọ rìn bọ̀ díẹ̀. Òun gan-an ló máa ń mú wọn sùn. Bí iná bá tún ti tàn, inú àga. Bákan náà ni ibùsùn kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ ògiri iwájú: orun nìkan ló wà fún, kò sí fún ìgbà tí bàálù bá ń jà.

Ó yá, ẹ dá àga yín dojú dé báyìí, kí ẹ wo ara rẹ̀. Ẹ ó rí ìwé pélébé kan tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ nǹkan sí: "This restraint is certified for use in motor vehicles and aircraft." Bí ẹ kò bá rí ọ̀rọ̀ yẹn, àga náà kò lè wọ bàálù. Àga tí kò ní okùn èjìká, tó kàn ń gbé ọmọ ga sókè, kì í ní in rárá. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: èyí tí kò bá ju ínǹsì 16 lọ máa ń gba inú ọ̀pọ̀ ìjókòó bàálù. Bí tiyín bá tóbi gànnàkù, ẹ lè ra èyí tó fúyẹ́ fún ìrìn àjò nìkan. Ó wà, nǹkan bíi kílò 5, kò sì wọ́n. Ẹ ya fọ́tò ìwé pélébé yẹn sínú fóònù. Mo sọ èyí nítorí pé nígbà kan tí mo ń mú ọmọ tèmi rìn, òṣìṣẹ́ kan dúró lórí mi pé dandan ni kí n gbé àga náà kúrò. Mo fi ìwé pupa hàn án, mo sì fi tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ mi hàn án. Òfin FAA sọ pé bí ọmọ bá ti ní tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó, tí àga sì ní àmì tó yẹ, tó bá ọmọ mu, ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí òbí má lò ó. Bí kò bá gba inú ìjókòó yẹn, wọ́n ní láti wá òmíràn tó máa gbà á. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ṣe iṣẹ́ yẹn, àìmọ̀ ni.

Ẹ pe ilé iṣẹ́ bàálù náà ṣáájú, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń gbé àga bọ̀. Ẹ̀bá fèrèsé ni kí ẹ gbà fún àbúrò, kí àga má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́nà tí ó bá di pé a ń sá jáde. Àdùkẹ́ sáàárín, ẹ̀yin ní ẹ̀bá ọ̀nà. Kí wọ́n má fún yín ní ìlà ilẹ̀kùn pàjáwìrì, tàbí èyí tó wà níwájú rẹ̀, tàbí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá bẹ́líìtì ìjókòó náà ní àpò afẹ́fẹ́ nínú. Ẹ ó dá a mọ̀ níbi tó ti ki bí ìrọ̀rí kékeré. Ó máa ń wà nínú àwọn ìlà iwájú kan, a kì í sì í fi de àga ọmọ.

Ọmọ oṣù 14 ṣì gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn, nínú ọkọ̀ àti nínú bàálù. Gbé àga sórí ìjókòó, kó kọjú sí ẹ̀yìn ìjókòó. Ẹ ki bẹ́líìtì bàálù gba ojú ihò tí wọ́n ṣe fún ìkọjúsẹ́yìn, ẹ dè é, ẹ fi ọwọ́ kan tẹ àga mọ́lẹ̀ kó rì wọ inú tìmùtìmù, kí ẹ wá fi ọwọ́ kejì fa etí bẹ́líìtì títí tí kò fi ní gbọ́ mọ́. Di ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì: bó bá yẹ̀ ju ínǹsì kan lọ, ẹ tún un fà. Ẹ tètè sọ fún ẹni tó jókòó níwájú, kí bàálù tó gbéra, pé ìjókòó rẹ̀ lè má lè tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ kò sì ní máa ta á nípàá lẹ́yìn, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ẹ ó rí i pé ọmọ yóò sùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àga tó mọ̀ ni, tó ti ń sùn nínú rẹ̀ ní Houston láti ọjọ́ yìí.

Ẹ ò lè gbé àga méjì, àpò, àti ọmọ méjì gba Atlanta kọjá. Mi ò ní kí ẹ dán an wò. Fún Àdùkẹ́, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní CARES: okùn tí a ń so yí ẹ̀yìn ìjókòó bàálù ká, tó máa wá sọ̀ kalẹ̀ léjìká ọmọ, tí bẹ́líìtì ìbàdí á sì gba inú rẹ̀. FAA fọwọ́ sí i fún ọmọ tó wọn pọ́ùn 22 sí 44, tí kò ga ju ínǹsì 40 lọ. Ó bá Àdùkẹ́ mu rẹ́gí. Inú àpamọ́wọ́ ló ń wọ̀. Kò wúlò nínú mọ́tò, ẹ má fi dán an wò níbẹ̀. Fún mọ́tò, ẹ wá ẹ̀wù ìdè tí wọ́n ń pè ní RideSafer, ó wà fún ọmọ ọdún mẹ́ta sókè tó bá ti wọn pọ́ùn 30; ẹ ká a sínú àpò, kò gba àyè. Òun náà kò sí fún bàálù. Àga Àdùkẹ́ gangan, kí bàbá wọn gbé e bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Àga tí ẹ bá gbé wọ bàálù, ẹ má jẹ́ kó wọ ibi ẹrù. Mo ti kó tèmi síbẹ̀ rí, torí ó rẹ̀ mí. Nígbà tó yọ lórí ẹ̀rọ ẹrù, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo dé ilé tí mo bọ́ aṣọ náà láti fọ̀ ọ́ ni mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ọ̀rá líle tó wà nísàlẹ̀, láti ibi tí bẹ́líìtì ń gbà títí dé ẹ̀yìn. Ó ti sán. Ọmọ mi ti jókòó sínú rẹ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú dé ilé.

Fún ẹ̀yin tó wà ní London tí ẹ ń ka èyí: àwọn ọkọ̀ ti ọ̀dọ̀ yín máa ń fún ìyá ní bẹ́líìtì kékeré tí a ń so mọ́ tirẹ̀ láti fi de ọmọ ẹsẹ̀, Amẹ́ríkà sì kọ̀ ọ́ ní ìgbéra àti ìbalẹ̀. Kì í jẹ́ kí ọmọ fò lọ, ṣùgbọ́n ìyá lè tẹ ọmọ pa mọ́ ara rẹ̀. Ìjókòó tirẹ̀ ló dára jù lọ́dọ̀ yín náà.

Ní ti ohun tí ẹ máa fi àga náà ṣe ní Nàìjíríà, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Láti Ìkejà, ẹ ó gba títì Ìbàdàn dé Ṣágámù, ẹ ó wá yà sí títì Orè lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ewu tó wà lójú títì yẹn ju gbogbo wákàtí tí ẹ lò lókè lọ. Ẹ ti rìn ín, ẹ mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò wá gbé yín, irú mọ́tò wo ni? Bó bá jẹ́ Sienna tàbí Camry tokunbo tó ti Amẹ́ríkà wá, ara ọkọ̀ yẹn ti mọ àga ọmọ yín. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé kí ọkọ̀ tuntun ní irin méjì méjì tí wọ́n fi ń so àga ọmọ. Ẹ ki ìka sáàárín ibi tí ẹ̀yìn ìjókòó àti ìdí rẹ̀ ti pàdé, ẹ ó kan ọ̀pá irin tínínrín kan. Ẹ kọ́ ìkọ́ àga mọ́ ọn, kí ẹ fà á le. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì ọkọ̀ lẹ fẹ́ lò, ẹ fà á jáde tán pátápátá, kí ẹ wá jẹ́ kó máa padà wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó ti ń tì nìyẹn, kò ní dẹ̀ mọ́. Irin tàbí bẹ́líìtì, ọ̀kan nínú méjèèjì ni, kì í ṣe papọ̀.

Ìṣòro tí ẹ ó bá pàdé níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ àga. Aṣọ ìjókòó ni. Wọ́n á ti fi aṣọ tàbí ọ̀rá bo ìjókòó ẹ̀yìn, ẹnu bẹ́líìtì, ibi tí a ń fi í há sí, á sì ti rì sábẹ́ rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ti ra ọkọ̀. Ẹ pe àbúrò ọkọ yín ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, lórí fídíò. Kí ó ká aṣọ yẹn sókè, kó tu gbogbo ẹnu bẹ́líìtì síta, kó fi kọ̀ọ̀kan há, kó tú u, ní ojú yín. Ní ìta Ìkejà, ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, pẹ̀lú ọmọ méjì tí orun ń kùn, kò sí ẹni tó máa ráyè wá ẹnu bẹ́líìtì. Ẹ bo àga náà tí ọkọ̀ bá dúró sí oòrùn, irin okùn rẹ̀ máa ń jó ọmọ lára. Bí wọ́n bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́ ní aṣọ òkè lọ síbi ayẹyẹ, ẹ bọ́ agbádá rẹ̀ kí ẹ tó dè é, kí ẹ wọ̀ ọ́ padà níbẹ̀. Aṣọ tó bá ki lábẹ́ okùn, ṣe ni okùn dẹ̀.

Ẹ má bá ìyá ọkọ yín jiyàn lórí fóònù. Ọmọ mẹ́fà tí wọ́n tọ́, wọ́n tọ́ wọn yanjú, ọwọ́ wọn ló gbé bàbá Àdùkẹ́ dé ibi tó dé. Bí ẹ bá ti dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gbé àga sí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn há okùn àbúrò, kí wọ́n fi ìka méjì wò ó léjìká bóyá ó le. Àwọn ìyá àgbà tí mo ti fi hàn báyìí, wọn kì í jẹ́ kí awakọ̀ ṣíná bí okùn kò bá tíì le.

Ẹ fi fọ́tò ìwé pupa yẹn ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ní àga náà máa kọjá àsìkò sí i. Ó wà lábẹ́ àga, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ọ̀rá líle náà.